Òkété Opó àti Orin Ààrò

Ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ lè bá mi gbe orin inú àlọ́ yìí. Àlọ́ mi yà sílé Òkété opó.

Òkété gbin àgbàdo, ó gbin efinrin, ó mọ ààrò búrẹ́dì sẹ́yìn ilé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti búra pé òun kò ní tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà ayé ọkọ náà, orin ni tọkọtaya náà fi ń mọ ìgbà tí búrẹ́dì bá jinná: ìyàwó á lé e, ọkọ á gbè é, bí orin bá parí, wọ́n á yọ búrẹ́dì.

Òkété wá ń dá a lé:

“Búrẹ́dì ń jinná bọ̀ o.”

Kò sẹ́ni tó gbè é. Orin yára tán, inú búrẹ́dì ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyẹ̀fun tó kù kò sì ju èyí tó lè fi ṣe búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan sí i lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò rẹ̀, ké láti orí ọ̀pẹ: “Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbè é.”

“Ṣé mo tọrọ ohùn lọ́wọ́ rẹ ni?”

“Ẹ ò tọrọ, Ìyá. Èmi gan-an ni mò ń tọrọ. Ó pẹ́ tí mo ti bá ẹnikẹ́ni kọrin.”

Òkété po ìyẹ̀fun tó kù, ó rẹ́ efinrin sí i, ó tì í sínú ààrò, ó lé orin. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń gbè é, ó panu mọ́, ó ń retí.

Ohùn tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ:

“Àwa méjì la ó jẹ ẹ́.”

Orin parí, Òkété yọ búrẹ́dì, ó ti jinná dénú.

Ìdí àlọ́ mi nìyí: ọwọ́ kan lè ro oko, ẹnu kan kì í lé orin kó tún gbè é.