Akéwì Ọjọ́rú

Ní gbogbo Ọjọ́rú, tí aago mẹ́rin ọ̀sán bá ti lù, Uswat a dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ágége, kó lè gbọ́ akéwì orí rédíò kan tí kì í dárúkọ ara rẹ̀. Tí akéwì náà bá ní òjò ń rọ̀ wẹliwẹli lórí páànù Ọ̀gbà, díẹ̀ ló máa ń kù kí Uswat sáré lọ ká aṣọ. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ geere bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì bá ń gé aṣọ tuntun.

Nígbà tó yá, ó ké ewì nípa kẹ́tùlù àlùwàlá kan tí wọ́n fi okùn pupa so lọ́wọ́. Kẹ́tùlù Uswat ni. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó fi apá òsì rọ́rí, tó ń pe ìyá rẹ̀ lójú oorun, ló tún ké nípa rẹ̀:

"Ó mí fìn-ìn, ó mí fìn-ìn,
aṣọ fèrèsé ń mì tẹ̀lé e."

Jìnnìjìnnì bo Uswat, torí bí òun gan-an ṣe máa ń sùn nìyẹn. Ta ló ń yọjú wo òun lójú fèrèsé?

Kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tí wọ́n gbé e níyàwó. Dàwódù ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀rá, máa ń kólòlò, kì í sì í pọ̀ lọ́rọ̀.

"Ewì náà, ṣé... ṣé kò dùn ni?" Dàwódù bi í nígbà tó sọ fún un.

"Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ò bá fara balẹ̀ wò mí ò lè ké e báyẹn."

Dàwódù wolẹ̀. Ó mú òòlù, ó kan fèrèsé pa.

Síbẹ̀, ọkàn Uswat ò balẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, bí ilé ọkọ rẹ̀ bá tilẹ̀ máa tú. Kaothar tí wọ́n jọ ń ránṣọ ló dá a dúró.

"Ìyàwó, jẹ́ ká lọ wojú ẹ̀ ná. Wàá wá torí ẹni tó ò mọ̀ rí kọ ilé ọkọ?"

Wọn ò sọ fún Dàwódù, torí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráàyè lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ní ilé rédíò náà l'Ópebi, Uswat di ọwọ́ Kaothar mú gun àtẹ̀gùn. Ohùn náà ti ń jáde látara ẹ̀rọ tó wà lára ògiri:

"Ìṣó mẹ́fà ni mo kà lójú fèrèsé rẹ.
Má bẹ̀rù mi, olólùfẹ́, má bẹ̀rù mi mọ́."

Uswat fẹ́ sá padà, àmọ́ Kaothar fà á dé ẹ̀yìn gíláàsì.

Dàwódù ló jókòó sídìí máìkì, ó dijú, ó ń ké ewì, ọ̀rọ̀ kankan ò sì há mọ́ ọn lẹ́nu.