Ẹni Tí Kò Lè Kọ Ọgọ́rùn-ún Ebè

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn.

1.
Ọdẹ́wálé gun ọ̀kadà dé abẹ́ igi irúgbá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àáró rẹ̀ ti ń dúró dè é. Kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọkọ́ kálukú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ bí àáró ṣe rí: gbogbo ẹgbẹ́ á ṣe oko tèmi lọ́jọ́ ọjà yìí, wọ́n á ṣe tìrẹ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ọdẹ́wálé ni olórí wọn ní Èsìẹ́. Àṣà wọn ni pé oko olórí ló ń kẹ́yìn.

Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tí kò bá lè kọ ọgọ́rùn-ún ebè lóòjọ́, kó máa lọ sílé."

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ẹni méjì: Ìyá Suliat, opó tó jẹ́ pé ogójì ebè ni agbára rẹ̀ mọ, àti Bàbá Muaz, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Ọdẹ́, ṣé èmi lò ń bá wí?" Bàbá Muaz bi í.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìjókòó yín ti pọ̀ ju ìdúró yín lọ."

"Ìjókòó náà níṣẹ́ tirẹ̀."

Bùkárì, tó lágbára jù nínú wọn, rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìjókòó."

Ìyá Suliat dìde láti máa lọ. Ó mú ọkọ́ rẹ̀. Ó fi kẹ́ẹ̀gì omi tó gbé wá sílẹ̀ fún wọn.

2.
Ọdẹ́wálé kì í ṣe aláìmọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Òmù-Àrán, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn bí a ṣe ń dáko tí ilẹ̀ kò fi ní ṣá. Ọláwùnmí, olùkọ́ wọn, sọ pé, "Ẹ wo oko yín dáadáa kí ẹ tó fa ohunkóhun tu. Èyí tí kò ga, iṣẹ́ wo ló ń ṣe nílẹ̀? Oko tó jẹ́ irúgbìn kan ṣoṣo, kòkòrò kan ṣoṣo ló máa jẹ ẹ́ tán."

Ọdẹ́wálé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbin ẹ̀gúsí sáàárín ebè kó lè bo ilẹ̀, kí oòrùn má bàa gbẹ ẹ́. Ó gbin òtílí, irú ẹ̀wà tó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, sí etí oko. Àwọn èèyàn ń ti Òwu-Ìsin wá wò ó.

Nígbà tí Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé ó lé ẹni méjì, ó ní, "Ṣé Ìyá Suliat kọ́ ni ẹ̀gúsí ẹgbẹ́ yín?"

"Oko ni oko," Ọdẹ́wálé dáhùn, "èèyàn ni èèyàn."

3.
Lọ́jọ́ ọjà kejì, òùngbẹ ti ń gbẹ wọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wà níbi tí Ìyá Suliat fi í sí, ó ti gbẹ. Ọdẹ́wálé ní kí Bùkárì lọ sódò.

"Ọgọ́rùn-ún ebè lẹ ní kí n kọ," Bùkárì ní. "Ẹ ò ní kí n pọnmi."

Lọ́jọ́ ọjà kẹta, Bùkárì àti Tẹjúmádé, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ń jà, kálukú ní oko tòun ló kàn. Bàbá Muaz ló máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ to oko tó kàn sábẹ́ igi irúgbá, òun náà ló sì máa ń fi ẹ̀fẹ̀ parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tẹ àwọn òkúta náà mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, ó ń wá alágbára tí yóò ṣiṣẹ́ ní oko ńlá kan lọ́nà Ìlọrin. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Agbára kan náà ni gbogbo wọn ní. Ohun kan náà ló kó wọn lọ.

Kò tíì sí ebè kan lóko Ọdẹ́wálé. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le kí ó tó kọ ebè, kò ní rí ibi gbin èbù rẹ̀, kò sì ní sí iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dá a kọ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, iṣẹ́ kò sì tán.

4.
Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí ẹbí, ìkìlọ̀ mi rèé kí n tó parí rẹ̀. Ẹ má fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo èèyàn. Kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe tí ẹ kò kà sí iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọdẹ́wálé fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Ìyá Suliat. Bàbá Muaz jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó to òkúta méje síwájú rẹ̀, ọ̀kan fún oko kan: òun àti Ìyá Suliat ti kó àwọn mìíràn jọ, wọ́n ti dá àáró tiwọn sílẹ̀. Ọdẹ́wálé dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí mọ́ yín."

"A gbà ọ́." Bàbá Muaz mú òkúta kan nílẹ̀, ó fi í sí ìparí. "Ìwọ lo dé kẹ́yìn. Tìẹ ló máa kẹ́yìn."

Ọdẹ́wálé ka òkúta tó ṣáájú tirẹ̀. Ọjọ́ ọjà méje.

"Bàbá, ilẹ̀ á ti le."

"Á ti le."

Ìyá Suliat bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá abọ́ padà, ó sì lọ.