Ìjà Marúgbó Nínú Gúrúùpù

Gbogbo gúrúùpù orí ayélujára ti gbóná.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọmọ Máhìn níbẹ̀ ní ọbẹ̀ marúgbó tí wọ́n ń sè ní Zion Pepe, omi ọ̀sà lásán ni.

Ẹlòmíì tó ń jẹ́ Ọmọ Pepe ní ẹnu tí ẹja yìnyín ti bàjẹ́ kò lè mọ ọbẹ̀.

Inú ń bí Godspower, apẹja Pepe, débi tí dátà rẹ̀ fi tán tí kò mọ̀.

Ó tukọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Moríkẹ́ tó ń ta dátà. Ọkọ̀ ti kún ibẹ̀ pitimu. Ohun kan náà ni gbogbo wọn wá rà.

"Àǹtí, ẹ ṣe kíá! Bí mo bá rí Ọmọ Máhìn yẹn, àjẹ̀ ọwọ́ mi yìí ni màá là mọ́ ọn lórí!"

Àǹtí ń tẹ nǹkan lọ kíákíá nínú ṣọ́ọ̀bù.

Godspower yọjú sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Kọ̀ǹpútà méjì, mọ́nítọ̀ kan, kíbọọ̀dù kan. Moríkẹ́ nìkan ló jókòó tì wọ́n.

Ó tẹ èébú tán ní orúkọ Ọmọ Máhìn. Ó wá tẹ bọ́tìnnì orí àpótí kékeré kan tó so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀, ojú mọ́nítọ̀ sì ṣẹ́jú. Orúkọ ojú rẹ̀ di Ọmọ Pepe.

Godspower la ẹnu sílẹ̀.

Ó wo bọ́tìnnì. Ó tún wo èébú tí Ọmọ Máhìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bú wọn.

Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ sún díẹ̀. Ẹ jẹ́ n fún un lésì!"