Ooru Inú Ọkọ̀ Bàbá

"Ṣé ojú lo fi ń wò ó ni, àbí imú?" Bàbá arúgbó náà pòṣé. Amúlétutù inú ògbólógbòó bọ́ọ̀sì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ilé kò tutù mọ́, ó sì ti pe mẹkáníìkì mẹ́ta ní ọ̀dẹ̀ kí ti òní tó dé.

Mẹkáníìkì gbé èébú náà mì. Gáàsì pé, fíùsì kò jó. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ sì ba wáyà kan tó já. Eku kò jẹ ẹ́. Ọ̀bẹ ló gé e fínnífínní.

Ó gbójú sókè. Màmá ló dúró tì í.

"Ọmọ mi," Màmá rọra sọ fún un, "ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò rí ọmọbìnrin wa. Bàbá lérí pé òun ò ní dé ilé rẹ̀, àfi bí inú ọkọ̀ yìí ò bá ṣeé gbé mọ́."

"Kí lo rí?" Bàbá jágbe láti inú ọkọ̀.

Àtúnṣe ìṣẹ́jú méjì ni. Mẹkáníìkì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Mi ò rí nǹkan kan, bàbá. Agbára mi ò ká a."

"Mo ti mọ̀! Olódo rabata!" Bàbá nu òógùn ojú, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Pe ọmọ rẹ. Ní kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè wá."