Iṣu Tí Lọ́yà Ń Gbà

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Mùhámmẹ́d tán ni Sìrájù wá bá Fàsílátù, opó rẹ̀. Sìrájù ni ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ́dọ̀ bàbá. Ó jókòó, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó wá sọ pé ilẹ̀ oko tó wà lójú ọ̀nà Iware, òun ló ni ín, òun kàn yá àbúrò òun lò ni. Kí Fàsílátù wa iṣu rẹ̀, kó sì kúrò níbẹ̀.

"Ìyàwó, mi ò bá ẹ jà," ló wí. "Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo ní kó o gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀."

Fàsílátù kò sunkún. Iṣu ilẹ̀ yẹn ló ń tà létí títì ní Fìdítì láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Mùhámmẹ́d kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún Lateefah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bí ilẹ̀ bá lọ, ọmọ náà ò jogún nǹkan kan. Kò sí ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó lọ bá Lọ́yà Dúródọlá ní Ìlọra. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Uthman télọ̀, fáráńdà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó béèrè bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó béèrè bó ṣe jìnnà sí títì. Nígbà tí Fàsílátù tú owó nínú tòbí, ó ti ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò ní gba owó opó. Tí ẹ bá ti wa iṣu, kẹ́ ẹ gbé díẹ̀ wá fún mi lọ́dọọdún. Ó tán."

Fàsílátù kò fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Ọjà ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá fúnni ní èènì kéèyàn tó rajà, ó ti rí ibi tí àpò ẹni wà. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó kọ́kọ́ bá ní Ọ̀yọ́ pe iye tí gbogbo iṣu oko náà kò lè san. Ó gbà.

Nígbà tó gbé iṣu àkọ́kọ́ lọ, Dúródọlá kò jẹ́ kó gbé e wọlé. Orí fáráńdà ló ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó pe Uthman kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó pe Ayọ̀bámi akọ̀wé rẹ̀ jáde.

"Ìyá Lateefah, ilẹ̀ ọ̀nà Iware yẹn ni iṣu yìí ti wá, àbí?"

"Ibẹ̀ náà ni, lọ́yà."

"Mo gbà á. Ẹ máa dá oko lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní dí yín lọ́wọ́."

Uthman ní tó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń sanwó lọ́yà, òun náà á pa ẹ̀rọ tì, òun á lọ ka lọ́ọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dúródọlá mú iṣu fún un, ó mú fún Ayọ̀bámi náà.

Ọdún kejì, màlúù wọ oko. Èyí tó kù kéré bí apá ọmọdé. Ojú ti Fàsílátù, ó ra iṣu ńlá lọ́wọ́ àwọn ará Jobele, ó gbé e lọ. Dúródọlá béèrè ibi tó ti wá, Fàsílátù kò purọ́. Lọ́yà ní kó gbé e padà, kó lọ mú ti ilẹ̀ náà wá, bó tilẹ̀ kéré bí àtàǹpàkò. Nígbà tí Fàsílátù délé, ó sọ fún Lateefah pé lọ́yà yìí ń ṣa oúnjẹ jẹ ju aláboyún lọ. Ó ru kéékèèké náà lọ. Uthman àti Ayọ̀bámi tún jáde wá kí i.

Ẹjọ́ ilẹ̀ tí Sìrájù pè ní kọ́ọ̀tù Ọ̀yọ́ kò lọ, kò bọ̀. Adájọ́ kan ṣàìsàn, wọ́n gbé òmíràn lọ síbòmíràn, lọ́yà Sìrájù ń tọrọ ọjọ́. Nígbà gbogbo, Fàsílátù á palẹ̀ àtẹ mọ́, á wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, á jókòó títí, wọn á ní kó máa lọ. Kò lè ta ilẹ̀, kò lè kọ́lé sí i, kò sì lè fi í sílẹ̀. Lateefah ní kí àwọn jọ̀wọ́ ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tó ti wọ odò dé ọrùn kì í sọ pé òun ò fẹ́ kí aṣọ òun tutù.

Ọdún kẹta, iṣu ta dáadáa. Ó gbé ti Dúródọlá lọ kó tó pàtẹ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ wá gbóná. Dúródọlá dìde ní kọ́ọ̀tù, ó kọjú sí Sìrájù.

"Bàbá, ẹ ní ẹ yá wọn nílẹ̀ ni. Ìṣákọ́lẹ̀ dà? Ta ni wọ́n ń gbé iṣu ilẹ̀ yẹn wá fún?"

Sìrájù ní ọmọ bàbá kan náà kì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

"Ẹ ò gba ẹyọ iṣu kan rí?"

"Mi ò gbà."

Dúródọlá yíjú sí adájọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀ oko, onílẹ̀ ló ń gbé iṣu fún; ẹni tí kò jẹ iṣu ilẹ̀ kò lè sọ pé òun ló nilẹ̀. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdájọ́, wọ́n da ẹjọ́ Sìrájù nù.

Fàsílátù di ọwọ́ lọ́yà mú níta kọ́ọ̀tù, ó bi í pé ṣé ilẹ̀ ti di ti Lateefah báyìí.

"Sìrájù ò ní débẹ̀ mọ́," ni Dúródọlá wí. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Fàsílátù gbé ọkọ́ lọ sóko. Wọ́n ti ri píllà mọ́ igun ilẹ̀ náà yíká. Sìmẹ́ǹtì wọn kò tíì gbẹ. Kò yà sílé. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọra tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Uthman rí i, ó tẹrí sórí ẹ̀rọ, kò kí i. Fàsílátù wọlé, ó ní Sìrájù tún ti dé, kí lọ́yà bá òun gbé e padà lọ sí kọ́ọ̀tù.

Dúródọlá kò dọ̀bálẹ̀, kò dìde, ohùn tó fi bá Sìrájù sọ̀rọ̀ ní kọ́ọ̀tù ló fi bi í pé, "Ìyá Lateefah, láti ọdún mẹ́ta yìí, ta lẹ ń gbé iṣu ilẹ̀ yẹn wá fún?"