Tádàwà Báńkì Òkè-Àgbọn

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé Jòsáyà ti sùn nínú Olúwa, àbúrò rẹ̀, Mísì Ẹ̀bùnolá, jókòó ti àwọn owó bébà tí ó ti ń kó jọ láti ogún ọdún. Báńkì kékeré ìlú Òkè-Àgbọn ni ó tẹ̀ wọ́n kí ó tó kógbá sílé. Jòsáyà ni akápò ibẹ̀. Òun ni ó ń fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a kọ nọ́ńbà kìíní sí nìkan ni Mísì kò tíì rí.

Ilẹ̀ ṣú, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ajá kò gbó. Ọkùnrin kan dúró nínú òjò, fìlà bò ó lójú, aṣọ rẹ̀ sì gbẹ. Ó na owó kan sí i: nọ́ńbà kìíní.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń na nǹkan sí àgbà?"

"Má bínú," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́, "òun ló mọ́ mi lára."

"Èló lo fẹ́ gbà?"

"N kò tà á."

Gbájú-ẹ̀ wo ni kì í gbowó? Mísì fi ìka kan ìfọwọ́sí náà. Tádàwà tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ayédèrú! Báńkì tó ti kú láti ogójì ọdún!"

Nígbà náà ni ó rí i pé gbogbo orúkọ náà fà sápá ọ̀tún, bí ó ti rí lára gbogbo èyí tó kù, nítorí ọwọ́ òsì Jòsáyà a máa gbá tádàwà kó tó gbẹ. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin náà ń nu ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bí ó ti ń lọ.

Mísì gbé owó náà sórí tábìlì, ó sì rọra fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, bí ó ti máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe nígbà èwe.