Èje Onírù

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà dé sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà náà. Àwọn tó ń mójú tó odò kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ti kún kọjá ààlà, pé àwọn máa ṣí ìdènà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ètò tí wọ́n ní fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ibùsùn ẹni tí wọ́n máa gbé, wọ́n so aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ti ẹni tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Olúkúlùkù ní àpò kan lábẹ́ ibùsùn: oògùn ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ ìpààrọ̀, tọ́ọ̀ṣì, gíláàsì ojú. Olúkúlùkù sì ní káàdì kan ní ọ́fíìsì, tí ẹbí rẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù sí lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá. Nọ́ọ̀sì á pe nọ́ńbà náà, ẹni tó bá dáhùn á wá mú èèyàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní olùdáhùn á bá ọkọ̀ ìjọba lọ sí ilé mìíràn, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa padà.

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni ti Bàbá Ọlọ́dà. Iṣẹ́ akunlé ló ṣe jẹun, ó sì tún máa ń kọ àkọlé. Òun ló kọ orúkọ ilé náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà sára géètì, tinú tòde, ọdún mẹ́ta kí òun fúnra rẹ̀ tó wá di ará ibẹ̀. Kò ní fóònù. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń pè é lórí fóònù ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù márùn-ún ti kọjá báyìí tó ti pè gbẹ̀yìn. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ló di àpò rẹ̀ pa, gíláàsì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ṣé bàìbàì lẹ ó máa wò títí di ọjọ́ Ẹtì ni?" Ìyá Télọ̀ bi í. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀.

"Kí ló kù níbí tí mo fẹ́ wò? Ẹ̀yin?"

"Ẹ wò mí dáadáa o. Ẹ ò ní rí irú mi nílé ọmọ yín."

"Ọmọ mi mọ nǹkan tó dáa," ni Bàbá Ọlọ́dà wí. "Lọ́jọ́ tó mú mi wá, ojú fèrèsé ọ́fíìsì ló dúró sí, ó ń wo géètì. Ó ní, 'Bàbá, ọwọ́ yín mà dáa o.'"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹbí. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó débẹ̀. Fóònù orí tábìlì ló lò, ẹyọ kan ṣoṣo tí ilé náà ní. Ọmọ Ìyá Télọ̀ pariwo débi pé gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ pé òun ń bọ̀. Ti Bàbá Ọlọ́dà ń dún tú, tú, tú.

"Bàbá, wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ ni. Ẹ tún un pè tó bá yá."

Ó tún un pè lọ́sàn-án, ó tún un pè nírọ̀lẹ́. Bákan náà ni ní Ọjọ́rú.

"Ṣé gbogbo ayé lọmọ yín ń bá sọ̀rọ̀ ni?" ni Ìyá Télọ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Fóònù ọmọ tiyín ò rẹ́ni pè é, ìdí nìyẹn tó fi ń yára gbé e."

Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì mú káàdì náà wá sí yàrá. "Ẹ má bínú, Bàbá. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ò yé mi. Ó jọ èje, àmọ́ ìrù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo pè é bí èjì, mẹkáníìkì kan ló gbé e. Ó ní tí mọ́tò wa bá ti kú, ká fà á wá."

Bàbá Ọlọ́dà lu itan rẹ̀. "Èje ni! Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ìrù sí èje. Àwọn oníbàárà á bínú, èmi ò dáhùn. Ọmọ yìí ti kọ́ ọ lọ́wọ́ mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀!"

Nọ́ọ̀sì padà lọ pè é bí èje. Tú, tú, tú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Ọmọ Ìyá Télọ̀ gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá náà sì yọrí síta.

"Bàbá Ọlọ́dà, ẹ wọlé ká jọ máa lọ. Àyè wà."

"Tọ́mọ mi bá wá dé tí ò bá mi ńkọ́?"

Aago mẹ́rin kọjá kí ọkọ̀ ìjọba tó fun fèrè. Òun nìkan ló kù lórí àga nínú ọ́fíìsì, àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó fọwọ́ sí ìwé.

"Ẹ mú káàdì yẹn wá ná," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé ẹ ò kà á dáadáa. Èmi ni mo mọ ọwọ́ ọmọ mi."

Ó tú àpò náà dé ìsàlẹ̀, ó yọ gíláàsì, ó ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè lójú fèrèsé wo géètì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ nọ́ńbà kan náà, láti òdo àkọ́kọ́ títí dórí èje onírù.